Ọkọ̀ ń pọ̀, ẹja ń sá: wàhálà àwọn apẹja Ganvié

Ẹ̀yin ìyá ẹlẹ́ja, ẹ sọ agbọ̀n kalẹ̀ ná, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Ẹni tó bá ti ná ọjà Tọkpá ní Kútọnu rí, yálà aṣọ ló lọ rà ni o, tàbí ata ló lọ tà, kò ní ṣàì rí omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà náà. Inú ọ̀sà kan tí wọ́n ń pè ní Nokoué ni omi yẹn ti ń bọ̀ kó tó ya sínú òkun. Lórí ọ̀sà náà ni ìlú Ganvié wà, ìlú tí ilé rẹ̀ dúró lórí òpó igi láàárín omi. Ọkọ̀ lọmọ fi ń lọ sílé ẹ̀kọ́ níbẹ̀. Ọkọ̀ nìyàwó ilé fi ń lọ pọnmi mímu. Ọkọ̀ náà ni wọ́n fi ń gbé òkú lọ síbi tí wọ́n fẹ́ sin ín sí.

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ní ti Ganvié, ọ̀nà kan ṣoṣo ló wọ̀ ọ́, ojú omi ni. Ojú omi kan náà ni oko wọn. Níbi tí ọ̀nà àti oko ti di ọ̀kan, tí èrò wá ń pọ̀ lójoojúmọ́, ṣé ẹja á fara balẹ̀? Ohun tó gbé ọ̀rọ̀ wá nìyẹn.

BÍ WỌ́N ṢE DÉ ORÍ OMI

Ó tó bí 300 ọdún sẹ́yìn tí àwọn baba ńlá wọn ti sá wá síbẹ̀. Òwò ẹrú ló gbóná nígbà náà. Àwọn ọmọ ogun ọba Dàhòmì ń kó ènìyàn nílé lóko, wọ́n ń tà wọ́n fún òyìnbó létí òkun. Ìtàn tí wọ́n ń sọ fọ́mọ wọn ni pé èèwọ̀ ni fún àwọn jagunjagun yẹn láti lé ènìyàn wọ inú omi. Bí èèwọ̀ ni o, bí ẹrẹ̀ ló dẹ́rù bà wọ́n o, orí omi ni àwọn tó sá ti rí ìsinmi. Tòfinù ni wọ́n ń pe ara wọn, ìyẹn àwọn èèyàn orí omi. Dàhòmì ti di orílẹ̀-èdè Benin láti 1975, ṣùgbọ́n àwọn Tòfinù kò kúrò lórí omi wọn. Ẹja ni wọ́n ń pa, ẹja ni wọ́n ń tà, ẹja ni wọ́n fi ń rọ́mọ níṣẹ́.

Ọ̀sà náà kò tóbi tó bí àlejò ṣe máa ń rò. Láti ìlà oòrùn dé ìwọ̀ oòrùn rẹ̀ kò ju bí kìlómítà 20 lọ, láti òkè dé ìsàlẹ̀ kò ju bí 11 lọ. Ohun tó wá ṣe pàtàkì jù ni pé kò jìn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí àgbàlagbà bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀, omi lè má kọjá àyà rẹ̀. Ní bí oṣù kẹsàn-án sí oṣù kọkànlá, odò Ouémé àti odò Sô á kún wọ inú rẹ̀, omi á di omi dídùn. Bí òjò bá lọ tán, omi òkun á gba ojú ọ̀nà Kútọnu wọlé, omi á níyọ̀. Àwọn Faransé ló la ojú ọ̀nà yẹn ní 1885 kí omi má baà máa bo ìlú. Ẹpìà, ọ̀bọ̀kún, edé, akàn, gbogbo wọn ló wà níbẹ̀, kálukú pẹ̀lú ìgbà tirẹ̀.

Ẹ fi wé omi tí ẹ rọ sínú bàsíà, tí ẹ fi álọ́ọ̀mù sí, tó sì tòrò. Bí ọmọdé bá ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, kí ló máa ṣẹlẹ̀? Gbogbo ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ ló máa gbéra sókè. Bí ọ̀sà Nokoué ṣe rí gan-an nìyẹn. Inú omi jíjìn, ọkọ̀ lè kọjá lókè kí ẹja máa sùn nísàlẹ̀. Inú omi tí kò ju ìgbáyà lọ, òkè dà, ìsàlẹ̀ dà?

TA LÓ Ń GBA ORÍ OMI KỌJÁ?

Ẹ jẹ́ ká ka èrò ibẹ̀. Àwọn apẹja ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀, àwọn tó ń fi ọ̀pá ti ọkọ̀ wọn wọ́ọ́rọ́wọ́, tí ọkọ̀ wọn kì í dún ju kí ọ̀pá máa kan ẹrẹ̀ lọ. Lẹ́yìn wọn làwọn obìnrin tó ń kiri ọjà: oníkókó, alágbàdo, aláta, oníyẹ̀fun gaàrí. Ọjà wọn ń léfòó ni, orí ọkọ̀ ni wọ́n ti ń ná an, orí ọkọ̀ ni wọ́n ti ń san owó. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọkọ̀ èrò tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín Ganvié àti èbúté Calavi, bí kìlómítà 8 ni. Lẹ́yìn náà lọkọ̀ ẹrù. Lẹ́yìn náà ni àwọn tó ń gbé epo bẹntiróòlù fàyàwọ́ láti ìhà Nàìjíríà, inú kẹ́ẹ̀gì tò débi pé díẹ̀ ló kù kí ọkọ̀ rì. Àwọn yẹn kì í rìn pẹ̀lẹ́, ẹ̀yin náà mọ ìdí rẹ̀.

Àwọn àlejò ló gbẹ̀yìn, àwọn tí ará ibẹ̀ ń pè ní yòvó, àti àwọn dúdú bíi tiwa tí wọ́n wá wòran. Wọ́n ti sọ Ganvié di ìlú ìran. Láti 1996 ni UNESCO ti kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àwọn ibi tí wọ́n lè yàn sí ara ogún gbogbo ayé. Nígbà tí ìjọba Ààrẹ Patrice Talon gbé ètò ńlá rẹ̀ jáde ní oṣù kejìlá 2016, Ganvié wà lára ohun tí wọ́n fẹ́ tún ṣe kí àlejò lè pọ̀ sí i. Èyí kì í ṣe ohun tó burú. Àlejò ń san owó ọkọ̀, ó ń ra ère, ó ń mu ohun tútù. Ọmọ tí baba rẹ̀ kò rí ẹja pa lè máa wakọ̀ fún àlejò, kó sì gbé owó wálé.

Àmọ́ ìnjìnnì ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ yìí ń lò. Ìnjìnnì kan kì í ṣe nǹkan. Ogún ìnjìnnì láàárín òwúrọ̀ kan, lójú ọ̀nà tí kò fẹ̀, ẹjọ́ ibẹ̀ yàtọ̀.

ẸJA NÁÀ LÉTÍ

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló rò pé ẹja adití ni. Irọ́ ni o. Ìyá ẹlẹ́ja tó bá ti la orí kúròkà rí mọ̀ pé òkúta funfun méjì máa ń wà nínú rẹ̀. Ọmọ wa máa ń fi í ṣeré. Òkúta yẹn, etí ẹja ló wà nínú rẹ̀, ara ohun tó fi ń gbọ́ ìró ni. Ẹpìà náà ní tirẹ̀, ó kàn kéré ni. Bí ẹ bá sì ń họ ìpẹ́ ẹpìà, kẹ́ ẹ tó da iyọ̀ sí i, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dáadáa. Ẹ ó rí ìlà kan tó tò bí ìgbà tí ẹni tó ń ránṣọ bá fi abẹ́rẹ́ lu aṣọ láìní òwú. Ti ẹpìà já sí méjì, apá kan lókè níwájú, apá kan nísàlẹ̀ lẹ́yìn. Ìlà yẹn ló fi ń mọ̀ pé omi mì. Ìró sì ń yára nínú omi ju inú afẹ́fẹ́ lọ, ó lé ní ìlọ́po mẹ́rin. Kí ènìyàn tó gbọ́ ìnjìnnì lókèèrè, ẹja ti gbọ́ ọ.

Ní 2008, àwọn onímọ̀ méjì kan, Graham àti Cooke, gbé ìwádìí jáde lórí ẹja kan tí wọ́n fẹ́ràn láti máa fi ìwọ̀ pa nínú àwọn adágún kékeré Amẹ́ríkà àti Kánádà. Bass ni wọ́n ń pè é. Bí ọkàn ẹja náà ṣe ń lù ni wọ́n wò nígbà tí wọ́n bá mú ọkọ̀ sún mọ́ ọn. Ọkọ̀ tí wọ́n fi àjẹ̀ wà, ọkọ̀ tó ń lo ìnjìnnì oníbátìrì, ọkọ̀ tó ń lo ìnjìnnì elépo, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló já a láyà. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ síra ni iye ìgbà tó gbà á kí ọkàn rẹ̀ tó balẹ̀. Ti àjẹ̀ gbà á ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 15. Ti bátìrì gbà á ní bí 25. Ti ìnjìnnì elépo gbà á ní bí 40.

Lóòótọ́ bass kì í ṣe ẹpìà, omi Kánádà kì í sì í ṣe omi Ganvié. Ẹja tó bá gbé níbi ariwo pẹ́, ara rẹ̀ lè mọ́ ọn díẹ̀, bí ará Oshodi tó ń sùn tí dánfó ń fọn fèrè létí fèrèsé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bá wa ṣe ìṣirò yìí. Bí ìnjìnnì kan bá ń kọjá ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá láti àárọ̀, ìgbà wo ni ẹja tó nílò 40 ìṣẹ́jú máa rí àyè jẹun? Ẹja tí kò jẹun kì í sanra. Ẹja tí àyà rẹ̀ ń já kì í sún mọ́ ìdẹ. Inú koríko ló máa sá wọ̀, tàbí ibi tí ọkọ̀ kò lè dé.

Ti ọmọ bíbí ló tún le jù. Ẹpìà tó pọ̀ jù nínú ọ̀sà yìí, ẹnu ló fi ń tọ́jú ẹyin. Ẹ má sọ pé ìyá rẹ̀ ni. Baba ni! Bí abo bá ti yé ẹyin tán, akọ ló máa kó o sẹ́nu, kò sì ní jẹun dáadáa títí ọmọ á fi jáde. Ìwọ̀nba ọkùnrin ló lè ṣe irú ẹ̀. Irú ẹja tó ń kó ẹyin sẹ́nu báyìí, bí ìpayà bá bá a, ó lè pọ ẹyin dànù, ó tilẹ̀ lè gbé e mì. Ẹyin tó bá bọ́ sínú ẹrẹ̀ ti tán nìyẹn.

Ẹrẹ̀ náà kò sì dúró jẹ́ẹ́. Abẹ tó ń yí nídìí ìnjìnnì ń ro ìsàlẹ̀ omi bí ẹni ro àmàlà. Omi á dúdú, ìtànṣán oòrùn kò ní wọlé, ewéko tí ẹja ń jẹ kò ní hù bó ṣe yẹ. Ìgbì tí ọkọ̀ tó ń sáré ń dá sílẹ̀ á máa gbá òpó ilé, á máa da ọkọ̀ kékeré nù. Abẹ yìí kan náà tún ń gé àwọ̀n. Apẹja tó bá dẹ àwọ̀n ní ìrọ̀lẹ́, tó dé ibẹ̀ láàárọ̀ tó bá a ní jẹ́gẹjẹ̀gẹ, ta ló fẹ́ bi? Ẹni tó gé e ti dé Calavi.

Wọn kì í fi ìwọ̀ pẹja púpọ̀ ní Ganvié, àwọ̀n ni tiwọn, ṣùgbọ́n kí ẹni tó ń lo ìwọ̀ má rò pé tòun sàn. Beukema ti dán ẹja kan tí wọ́n ń pè ní carp wò ní ilẹ̀ Họ́lándì, ó sì gbé e jáde ní 1970. Ẹja tí ìwọ̀ bá ti mú lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n tú sílẹ̀, ó lè tó ọdún kan kó tó tún gbà fún ìwọ̀. Omi kékeré tí ènìyàn bá pọ̀ létí rẹ̀, ojú ẹja ibẹ̀ á là ju ti apẹja lọ.

ÀJỌ INÚ OMI

Àwọn Tòfinù kì í ṣe òmùgọ̀. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti mọ̀ pé ẹja fẹ́ ibi ìsápamọ́, wọ́n sì dá ọgbọ́n sí i. Àkájà lorúkọ ọgbọ́n náà, àwọn apẹja ọ̀sà Èkó àti Badagry náà mọ̀ ọ́n. Wọ́n á gé ẹ̀ka igi, wọ́n á gún un sínú ẹrẹ̀ ní ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ títí á fi dà bí igbó kékeré lójú omi. Ohun tútù bí ewédú á máa hù sára igi náà, ẹja á máa jẹ ẹ́. Ọkọ̀ kò lè wọ ibẹ̀, àwọ̀n ẹlòmíràn kò lè wọ ibẹ̀. Ẹja á máa rọ́ wọlé, á máa bímọ níbẹ̀. Lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, olówó á fi àwọ̀n yí i ká, á tu igi kúrò, á sì kó ẹja. Bí àjọ ni: díẹ̀díẹ̀ lẹ̀ ń dá a, ẹ̀ẹ̀kan lẹ máa kó o. Òyìnbó onímọ̀ ẹja kan, Welcomme, kọ̀wé lórí rẹ̀ ní 1972, àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn sì ti wá wò ó kọ́.

Ibi tó dára ló tún ti bàjẹ́. Igi kì í já lójú ọ̀run. Igi ẹ̀gbà etí omi ni wọ́n gé títí tó fi ń tán, bẹ́ẹ̀ inú gbòǹgbò ẹ̀gbà yẹn gan-an ni ọmọ ẹja máa ń sá sí tẹ́lẹ̀. Igi tó bá jẹrà á di ẹrẹ̀, ọ̀sà tí kò jìn á tún máa kún sí i. Ẹni tó lówó ló lè ra igi tó pọ̀, nítorí náà ẹni tó lówó ló ń pín ojú omi mọ́ ara rẹ̀ lọ́wọ́, bí ẹni pín ilẹ̀ baba rẹ̀. Bí àkájà bá sì ṣe ń gba ilẹ̀ sí i ni ojú ọ̀nà ọkọ̀ ń há sí i. Ọkọ̀ tí ì bá fọ́n káàkiri á wá tò lójú kan, ariwo á ká mọ́ ojú kan.

Ẹni tó bá rò ó dáadáa á rí ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Ọkọ̀ ń lé ẹja. Ẹja ń sá wọ àkájà, torí ibẹ̀ nìkan ni ìnjìnnì kò lè dé. Oníàkájà ń rí tirẹ̀. Apẹja tí kò ní ju àwọ̀n kan, ìgèrè mélòó kan àti ọkọ̀ ọlọ́pọ́n baba rẹ̀ ló ń da àwọ̀n sí gbangba tí ẹja ti sá kúrò. Bí kò bá rí ńlá pa, á mú àwọ̀n olójú wẹ́ẹ́rẹ́, á kó àwọn tí kò tó ìka ọwọ́. Ìjọba ti fòfin de àkájà, ṣùgbọ́n ó pẹ́ tí òfin náà kò fi tu igi náà kúrò nínú omi bó ṣe wà nínú ìwé. Ta ni ì bá kọ́kọ́ tu tirẹ̀?

ÌYÀWÓ TÓ Ń RA ẸJA LỌ́WỌ́ ỌKỌ

Ní ọ̀pọ̀ ilé ní Ganvié, ìyàwó ló ń ra ẹja tí ọkọ rẹ̀ bá pa. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọkọ pa á, ìyàwó ná an, ó san owó, ó gbé e lọ sọ́jà, èrè tó bá jẹ ti ara rẹ̀ ni, inú rẹ̀ ló ti ń bọ́ ọmọ. Owó òwò rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ wọnú owó ọkọ. Àwọn ìyá wa ní ọjà mọ ìwúlò irú ètò yìí, àwọn ọkọ wọn ni kò fẹ́ gbọ́ ọ.

Obìnrin yìí ni ọ̀rọ̀ ọkọ̀ dùn jù, òun náà sì ni kò lè bú ìnjìnnì. Ẹja tútù kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí oòrùn bá mú kó tó dé Calavi tàbí Tọkpá, ó di dandan kó yan án, igi ìdáná sì wọ́n lórí omi. Ìnjìnnì ló ń bá a gbé e yá. Ìnjìnnì kan náà ló mú kí agbọ̀n tó ń gbé máa fúyẹ́. Bí ẹja bá kéré, tí iye owó ọkọ̀ kò sì dín, kí ló kù sí i lọ́wọ́? Ẹni tó bá ti ra ẹja kékeré lówó ńlá rí mọ ìdáhùn. Oníbàárà ìlú á máa sọ pé olójúkòkòrò ni ẹlẹ́ja, láìmọ̀ pé láti inú ẹrẹ̀ ni owó ti lọ sókè.

Kò sí ẹni tó ní kí wọ́n sọ ìnjìnnì sómi. Ohun tó ṣeé ṣe kò ju pé kí ọkọ̀ ní ojú ọ̀nà tirẹ̀, kí wọ́n fi òpó sàmì sí i, kó fẹ̀ tó, kí gbogbo ìyókù sì jẹ́ ti apẹja. Kí ọkọ̀ rọra rìn níbi tí omi kò bá jìn, bí mọ́tò ṣe ń rọra rìn níwájú ilé ẹ̀kọ́. Kí àwọn ibi kan wà tí ìnjìnnì kankan kò ní dé, kí ẹpìà lè tọ́jú ẹyin rẹ̀. Èyí kì í ṣe àlá. Àwọn adágún kékeré pọ̀ ní Amẹ́ríkà tí ó jẹ́ èèwọ̀ láti gbé ìnjìnnì elépo wọ̀, àjẹ̀ àti bátìrì nìkan ni wọ́n gbà láyè. Àlejò tó wá wo Ganvié náà kò sì ní kú bí wọ́n bá fi àjẹ̀ gbé e wọ àárín ìlú. Ó lè jẹ́ ìyẹn gan-an ló ti ilé rẹ̀ wá wò. Káfíńtà tó ń kan ọkọ̀ náà á rí iṣẹ́ ṣe, ọmọkùnrin tó ń fi ọ̀pá tì í á gba owó tó ń lọ sínú epo.

Owó òpó ni wàhálà. Onímọ́tò omi ní kí ìjọba san án, apẹja ní kí onímọ́tò omi san án, oníàkájà kò fẹ́ kí òpó kan gba inú igi tòun kọjá. Nígbà tí wọ́n ń fa ọ̀rọ̀ yìí, ọkọ̀ ń lọ, ọkọ̀ ń bọ̀.

Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ Kútọnu lásán ni. Àwọn Ègùn tó wà ní Mákòkó, lábẹ́ ojú gbogbo ẹni tó ń gba afárá Third Mainland kọjá, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe, ẹja yíyan wọn wà nínú ọbẹ̀ púpọ̀ ní Èkó, àwọn ọkọ̀ aláriwo sì ń gba ẹ̀gbẹ́ àwọ̀n wọn kọjá. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ẹja ní Mákòkó, ní Ẹ̀pẹ́, ní Badagry, tàbí tí ọkọ yín jẹ́ apẹja, ṣé agbọ̀n ṣì wúwo bíi ti tẹ́lẹ̀? Aago mélòó ni ẹja tó dára ń dé èbúté yín báyìí, kí ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ni, àbí lẹ́yìn tí wọ́n bá ti lọ sùn? Ojú ewé lẹ́tà ṣí sílẹ̀ fún yín. Ẹni tí kò bá lè kọ ọ́ fúnra rẹ̀, kó ní kí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ bá òun kọ ọ́.